Ìyafóònù Tí Akóredé Fi Ránṣẹ́

Màámi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Kùtọ̀nú. Ara wa le, ọjà sì ń tà. Ìyafóònù ńlá tí kò ní wáyà, èyí tí àbúrò mi Akóredé fi ń gbá géèmù tẹ́lẹ̀, ti dé ọwọ́ mi. Ẹ sọ fún un pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ó dára fún wáàsí, ó dára fún bọ́ọ̀lù. Mi ò kàn lè dé akoto lé e lórí ọ̀kadà ni. Tí ẹ bá ń fi ohùn ránṣẹ́, ẹ má pariwo mọ́. Mo gbọ́ oríkì mi látòkèdélẹ̀ lánàá.

Apá òsì rẹ̀ nìkan ni kì í sọ̀rọ̀. Ìbíjọkẹ́ ìyàwó mi gbé e sétí, ó ní apá méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà mọ àwàdà rẹ̀.

Ìsọ̀ wa ní ọjà Missèbo ló ti wúlò jù. Tẹ́lẹ̀, tí ènìyàn bá kí mi tí n kò dáhùn, wọ́n á ní owó òkìrìkà ń pa mí bí ọtí. Bàbá Rodiat tó pàtẹ lápá òsì mi tiẹ̀ bá mi yan odì fún oṣù kan. Ní báyìí, wọ́n á wo etí mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n á tún mi kí. Ọkàn mi ti balẹ̀, Màámi. Bí iná rẹ̀ tiẹ̀ tán, n kì í bọ́ ọ.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Tí ẹ bá wá wò wá lọ́dún Iléyá, apá ọ̀tún mi ni kí ẹ jókòó sí.

Ọmọ yín,
Múrítàlá