Ta Ló Kọ́ Mùtíátù ní Oríkì?

Ràbíátù ọmọ mi,

Ṣé òtútù Kánádà ò yọ yín lẹ́nu jù? Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o kí ìyá ọkọ rẹ náà. Àwa tí a wà l'Ágége ń bẹ láàyè, alihamudulilahi. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀. Kazeem àbúrò rẹ ti rí ìsọ̀ gbà ní Computer Village, ó ń tún fóònù ṣe.

Mùtíátù ọmọ rẹ tí o fi sílẹ̀ fún mi ń ṣe dáadáa ní kíláàsì kìn-ín-ní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ fífọ̀ ni wọ́n kọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ yìí, oríkì ni, kálukú ní láti ki ti ilé rẹ̀ síta. Inú mi dùn, torí àràárọ̀ ni mo máa ń ki í kí n tó wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé, ó ní gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún òun, àǹtí wọn sì bi òun pé ta ló kọ́ ọ.

Ó ní, "Mo sọ fún wọn pé mọ́mì mi ni, lórí fóònù."

Ràbíátù, mo jowú. Mo ní kó ki í kí n gbọ́, àṣé nínú èyí tí ìwọ kọ́ ọ, o ti fo gbogbo ibi tó kan ìdílé tèmi.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwé ìrìnnà rẹ̀ tètè jáde, kó wá bá yín láyọ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá pè é ní Jímọ̀, jọ̀ọ́, sọ fún un pé èmi ni mo kọ́ ìwọ. Ẹnu rẹ ló ń gbà gbọ́.

Ìyá rẹ ni.