Bàtà Ẹsẹ̀ Ọ̀tún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ṣọ́ọ̀bù yín ní Ṣógúnlé ni mo wà. Oòrùn ọ̀sán ń gba ihò páànù yẹn wọlé, èyí tí ẹ ti ń sọ pé ẹ máa dí láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì. Onílé ti rí ẹlòmíì tó fẹ́ gba ibí, èmi àti Màámi sì ń bọ̀ wá kó ẹrù yín ní Sátidé. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá to nǹkan lónìí.

Bàbá, ta ló sọ fún yín?

Ẹ rántí ọjọ́ tí a lọ gba èsì àyẹ̀wò. Wọ́n ti yọ eegun tó bàjẹ́ lórúnkún yín nígbà náà, wọ́n ti fi irin dípò rẹ̀, ẹ sì ti gba oògùn tó kó gbogbo irun orí yín lọ. Ẹ jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, ẹ ń wo bàtà àwọn tó ń kọjá bí ẹ ti máa ń ṣe. Èmi nìkan ni dókítà pè wọlé. Ó ní jẹjẹrẹ inú eegun náà ti padà sí ẹsẹ̀ òsì yín, oògùn yẹn ò sì ràn án mọ́. Ó ní bí wọ́n bá tètè gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún, ẹ ṣì lè pẹ́ láyé, torí pé kò tíì dé ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn mìíràn wà tí wọ́n lè dán wò lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí. Bí a ò bá gé e, ohun tó kù ò ju kí wọ́n máa dín ìrora kù fún yín lọ. Ó ní kí n lọ ṣàlàyé fún yín, kí ẹ fúnra yín yàn.

Mo jáde, mo sọ fún yín pé làkúrègbé ni, pé yóò rọlẹ̀. Ẹ mọ̀ wá nínú ẹbí wa, a kì í pe orúkọ àìsàn létí ẹni tó ń ṣe. Kókó lásán la pè é fún yín látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo délé, mo sọ fún Màámi pé dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́. Irọ́ ni mo pa.

Mo rò ó títí. Báwo lẹ ó ṣe máa lọ sí Jímọ̀? Báwo lẹ ó ṣe máa sọdá ojú irin ní Òṣòdì lọ ra awọ, ẹ̀yin tí ẹ ò ní sanwó láìkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀? Mo ní ẹ ò ní lè fara dà á. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi ni mi ò lè wo yín pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí.

Ní oṣù tí ẹ lò kẹ́yìn láyé, orí àga lẹ ti ń kírun, ẹ ò sì ráhùn rí. Bí ẹ bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ẹ ó wò mí.

“Kò sí nǹkan tí o fẹ́ bá mi sọ?”

“Kò sí o, Bàbá.”

Ẹ ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ ó ní kí n fi ṣúgà kún tíì yín.

Lónìí, mo gbé àwọn ẹsẹ̀ onígi tí ẹ fi ń mọ bàtà kúrò lórí pẹpẹ, mo bá páálí kan lẹ́yìn wọn. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ló wà níbẹ̀, tuntun, aláwọ̀ kọfí. Mo tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, mò ń wá ti òsì, mi ò rí i. Ṣebí ẹ kì í gba ẹyọ bàtà kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ìyá kan wá láti Ailegun lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹyọ kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ, òjò ti ṣú, síbẹ̀ ẹ dá a padà. “Mọ́mì, ẹ lọ mú ìkejì wá. Tí mo bá tún ọ̀kan ṣe, wọn ò ní dọ́gba mọ́.” Obìnrin náà bínú, ó sì lọ mú un wá.

Mo wo inú bàtà náà, níbi tí ẹ máa ń fi bíró kọ orúkọ oníbàárà sí. “Èmi” lẹ kọ síbẹ̀. Ẹ fi rọ́bà táyà tó nípọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà máa yọ̀. Rọ́bà roboto méjì tún wà nínú páálí náà, irú èyí tí wọ́n ń ki bọ ìdí ọ̀pá tí arọ fi ń rìn.

Ẹ mọ̀. Ẹ ti yàn. Ṣé ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu ilẹ̀kùn dókítà ni? Ṣé èmi lẹ ń dúró dè, kí n kọ́kọ́ la ẹnu?

Ọkùnrin kan wà lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ l'Óṣòdì tó ń ta bẹ́líìtì. Ẹsẹ̀ kan ló ní, ọ̀pá ló fi ń rìn; ó ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kan sókè, ó sì fi píìnì há a. “Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ wo ọjà wa nah!” Mi ò wojú rẹ̀ rí. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, mo máa ń gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn mi, kódà níbi tí kò sí afárá. Mò ń gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí báyìí.

Mo ti ki páálí náà bọ báàgì mi kí n lọ jù ú nù. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Mo ti gbé bàtà náà sórí tábìlì yín, ibi tí Màámi yóò kọ́kọ́ wò. Òun náà yóò wá ti òsì, torí ó mọ̀ yín. Kò ní rí i, yóò sì bi mí, màá sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bó bá tilẹ̀ máa lé mi jáde nílé rẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀yin ló yẹ kí n sọ ọ́ fún. Mo bẹ̀ yín, Bàbá mi, ẹ tún bi mí lẹ́ẹ̀kan péré sí i.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ní kò sí.