Ọmọbìnrin Tó Wọ Síkẹ́ẹ̀tì Yẹ́lò

Sátidé, 4 Oṣù Kẹwàá 2025

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni lónìí, sí ohun tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò mọ ohun tó mú mi ṣe é.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe lọ, bóyá yóò yé èmi náà. Gìtá — Rótìmí, bàbá Ọláídé, ọkọ mi — kò lè wakọ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀. Níta, ẹ̀yin ni mo ń pè é. Nínú ìwé yìí kò sí ẹ̀yin fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mò ń gbé e láti Akobo lọ sí Bódìjà ní Sátidé, sí ìpàdé àwọn olólùfẹ́ Àrá Márùn-ún. Ẹgbẹ́ akọrin rọ́ọ̀kì, onígìtá oníná, tó dí wọn létí nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, tó sì tú ká kí a tó bí Ọláídé. Inú mọ́tò ni mo sábà máa ń dúró. Lónìí oòrùn mú jù, mo wọlé. Ẹ̀bi oòrùn ni.

Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò pé àádọ́ta ọdún tí Àrá Márùn-ún ṣeré tó kẹ́yìn, ní gbọ̀ngàn kan ní Mọ́kọ́lá. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ring Road ti gbà láti gbé orin wọn kan ṣoṣo sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìtàn ẹni tí orin náà wọ̀ lọ́kàn jù. Orin kan, ìtàn kan. Ìjà dé nìyẹn.

Òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá jẹ́rìí kò gbọdọ̀ dìbò. Wàá dìde bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, wàá sọ ibi tí o ti kọ́kọ́ gbọ́ orin rẹ àti ohun tó ṣe fún ọ. Adéfọlárìn ni alága, òun ló ni ilé, òun ló ni ẹ̀rọ àwo orin. Ṣé-Ẹ-Gbọ́ ni mo sọ ọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ló fi ń parí gbogbo ọ̀rọ̀. Nùsírátù, tó fẹ̀yìntì ní Yunifásítì, jẹ́rìí sí "Ọ̀nà Mọ́níyà". Ó ní orin náà ni òun ń gbọ́ lọ́jọ́ tí òun kẹ́rù òun kúrò nílé ọkọ àkọ́fẹ́, òun kò sì wẹ̀yìn. Ẹnì kan ní ìyẹn kì í ṣe rọ́ọ̀kì, jùjú tó mutí yó ni. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n wọ̀yá ìjà. Àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn.

Gìtá dìde. "Má Pa Iná" ni tirẹ̀. Ó ní alẹ́ eré yẹn ni òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin kan tó wọ síkẹ́ẹ̀tì yẹ́lò dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òun bọ́ kóòtù òun fún Luke ọ̀rẹ́ òun, tó jókòó níbẹ̀ lónìí, kó bá òun dì í mú, òun lọ bá ọmọ náà jó, orin náà kò sì tíì tán tí òun fi mọ̀ pé òun ti rí ìyàwó. Ó wá nawọ́ sí mi. "Òun ló jókòó yẹn."

Ilé hó yèè. Nùsírátù ń nu ojú. Ṣé-Ẹ-Gbọ́ kọjú sí mi: "Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo mi orí.

Mi ò dé gbọ̀ngàn yẹn rí. Ṣakí ni mo wà lọ́dún yẹn, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni èmi àti Gìtá pàdé, ní ọ́fíìsì kan ní Sẹkitéríàtì, nídìí fáìlì tó sọnù. Mi ò ní síkẹ́ẹ̀tì yẹ́lò rí láyé mi.

Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Ta ni ọmọ náà?

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Mo bi í nídìí oúnjẹ àárọ̀. Mo ní, Bàbá Ọláídé, ta lẹ bá jó? Ó ní, "Ìwọ mà ni." Mo ní Ṣakí ni mo wà. Ó ní bóyá mo wá lo ọlidé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ wà nínú ẹ̀wà, ó sì ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú. Ọkùnrin yìí mọ ẹ̀gbẹ́ àwo tí orin kọ̀ọ̀kan wà. Ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ ń lu ìlù fún wọn àti ìdí tí wọ́n fi lé e. Orí rẹ̀ pé ṣáká. A jẹ́ pé irọ́ ló ń pa nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú rẹ̀ tó bá ń purọ́, ètè rẹ̀ máa ń gbẹ. Ètè rẹ̀ kò gbẹ.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Mò ń jowú ọmọ ogún ọdún kan tí mi ò mọ̀ rí. Ní ọjọ́ orí mi yìí, tí mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo wo dígí, mo bi ara mi bóyá mo jọ ọ́ ni, bóyá torí ẹ̀ ló ṣe fẹ́ mi. Ìrònú rádaràda.

Ó ń kùn "Má Pa Iná" nínú bálùwẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo pa iná bálùwẹ̀ náà mọ́ ọn lórí.

Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Ṣé-Ẹ-Gbọ́ pè mí lórí fóònù. Ìtàn Gìtá ti dùn mọ́ àwọn ará rédíò nínú. Bí "Má Pa Iná" bá wọlé, wọ́n ó gba ohùn tèmi náà sílẹ̀. Kí n wá jẹ́rìí ní Sátidé tó tẹ̀lé ti ọ̀la, torí pé ọ̀la òun ń rìnrìn àjò. "Ẹ ó fi ẹnu ara yín sọ ọ́ o, Màmá, ṣé ẹ gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Kí ni mo gbọ́ gan-an?

Sátidé, 11 Oṣù Kẹwàá

Mo fi Gìtá sílẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù, mo lọ bá Luke ní Òkè Àdó. Igi Àgbọn ni mo sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ Gìtá láti kékeré, ẹni tó ga débi tó fi ń tẹríba fún gbogbo ilẹ̀kùn. Ó ń dá gbé láti ìgbà tí Adéṣọlá ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọdún kẹta rèé. Ó gbé tíì fún mi, kò sí ṣúgà, ó ní òun gbàgbé láti rà á.

Mo ní, Bọ̀dá Luke, ẹ̀yin lẹ di kóòtù mú. Ta ni ọmọ náà?

Ó ní òun kọ́ ló di kóòtù mú. Òun ló ni kóòtù. Gìtá ló dì í mú.

Kò tètè yé mi. Ó tún un sọ jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Adéṣọlá ló wọ síkẹ́ẹ̀tì yẹ́lò. Luke ló lọ bá a jó. Luke ló rí ìyàwó kí orin tó tán.

Inú bí mi. Mo ní, ó wá gba ìtàn yín mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sì jókòó síbẹ̀ ẹ ń pàtẹ́wọ́? Ó ní rárá, kò gbà á. Ó ní nígbà tí àìsàn dá Adéṣọlá dùbúlẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó máa ń béèrè ni pé kí òun sọ ìtàn alẹ́ yẹn. Lónìí, lọ́la. Gìtá sì ń wá lójoojúmọ́, òun ló ń di ife omi mú. "Ìyàwó wa, Rótìmí gbọ́ ọ títí ó fi wọ̀ ọ́ lára."

Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, òun kò lè sọ ọ́ mọ́. Kò sì sẹ́ni tó mẹ́nu kan síkẹ́ẹ̀tì yẹn létí òun mọ́, àfi ní Sátidé yẹn. Ó ní bí Gìtá ṣe ń sọ̀rọ̀, òun rí Adéṣọlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kedere. Ó bẹ̀ mí. Kí n má tú u ká. Kí n fi sílẹ̀ fún Gìtá.

Mo gba Challenge padà sílé. Challenge kò sí lọ́nà ilé wa rárá.

Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò sí obìnrin kankan. Inú mi kò dùn.

Adéṣọlá ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Kì í pariwo, kódà lọ́jọ́ tí mo fi mọ́tò rẹ̀ kọlu ògiri. Kò sọ ìtàn yìí fún mi rí, kò fẹ́ràn kó máa sọ ti ara rẹ̀. Bí orin yìí bá wọlé, gbogbo Ìbàdàn ni yóò gbọ́ pé èmi ni. Ohùn èmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ìlú yìí, wọ́n sì ní etí. Òkú kò lè gbèjà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni òkú ló ní kí n dákẹ́. Ẹnu ta ni kí n gbọ́?

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Mò ń rẹ́ ilá lọ́wọ́ nígbà tí mo rí síkẹ́ẹ̀tì náà lára mi. Mo mọ ibi tó dé lẹ́sẹ̀ mi. Mo mọ bí ògiri yẹn ṣe tutù lẹ́yìn mi. Ìtàn náà ń ràn.

Sátidé, 18 Oṣù Kẹwàá



Ilé kún. Nùsírátù ti ń polongo "Ọ̀nà Mọ́níyà" láti ẹnu géètì. Mo ti pinnu nínú mọ́tò pé n ó dìde, n ó ní ọkọ mi ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, n ó jókòó. Kò ní sí irọ́ nínú ìyẹn. Tàbí irọ́ díẹ̀.

Ni Luke bá dìde ṣáájú mi. Kò tíì jẹ́rìí tẹ́lẹ̀. Ó ní "Má Pa Iná" ni tòun náà. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun di kóòtù Rótìmí mú, òun sì fi ojú òun rí i bó ṣe lọ bá ìyàwó wa jó. Ó sọ ọ́ tán, ó wò mí, ó jókòó. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún wa, ìyàwó, síkẹ́ẹ̀tì, alẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Gìtá na ọwọ́, ó gbá a léjìká, inú rẹ̀ ń dùn.

"Màmá, ó kù yín, ṣé ẹ gbọ́?"

Mo dìde. Mo ní, "Èmi kọ́." Mo ní Adéṣọlá ni, ìyàwó Bọ̀dá Luke, Bọ̀dá Luke ló bá a jó, ọkọ mi ló di kóòtù mú, Ṣakí lèmi wà. Mo ní orí tí mo mì fún wọn lọ́jọ́sí, irọ́ ni mo fi pa. Mo fẹ́ jókòó, mi ò rí àga mi.

Luke jáde lọ sí bálíkónì. Gìtá ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Luke?" Luke kò yíjú padà, ó kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Gìtá wá wo apá ara rẹ̀ méjèèjì, ó wò wọ́n pẹ́. Ó ní, "Kóòtù náà wúwo." Lẹ́yìn náà ó ní, "Bọ́tìnì rẹ̀ kan ti já."

Nùsírátù ló dìde, ó fi àwo sórí ẹ̀rọ. "Má Pa Iná" ń lọ, a ń wo ilẹ̀. Ó dé ìdajì kí Luke tó wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Adéṣọlá kò kọ́kọ́ fẹ́ jó." Ó wá sọ ọ́, látìbẹ̀rẹ̀.

"Má Pa Iná" ló wọlé. Nùsírátù pàápàá dìbò fún un, ó ní òun ṣì kórìíra rẹ̀. Ìtàn Luke ni rédíò yóò gbé.

Luke dì mọ́ mi kí a tó lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń dúpẹ́ ni àbí ó ń bá mi wí.

Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Gìtá kò fẹ́ oúnjẹ. Ó ní kí n jókòó.

Ó ní ojú mi ni òun ń rí lórí síkẹ́ẹ̀tì yẹn, ó dá òun lójú bó ṣe dá òun lójú pé Ayẹni ni orúkọ bàbá òun. Báyìí, tí òun bá wo ibẹ̀, kóòtù nìkan ló kù. Mo ní kó má bínú sí mi. Ó ní kò bínú, ó kàn ń ṣe òun bí ẹni tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé. Mo sunkún díẹ̀.

Ó wá bi mí. "Ìwọ ńkọ́? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, níbo lo wà?"

Mo ní Ṣakí. Ó ní òun ti gbọ́ Ṣakí. Kí ni mò ń ṣe níbẹ̀? Kí ni mo wọ̀, ta ló wà lọ́dọ̀ mi, ṣé wọ́n ń kọrin? Ó ní tí tòun kò bá sí mọ́, kí n fún òun ní tèmi, òun á tọ́jú rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, kò bi mí rí. Mo la ẹnu. Mo wá a kiri nínú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀dì onírin wà níbẹ̀, agogo wà níbẹ̀, eruku ọyẹ́. Mi ò rí alẹ́ kankan. Mi ò tilẹ̀ rí ara mi. Mo mọ ibi tí mi ò sí lọ́jọ́ yẹn, mo dìde níwájú gbogbo ènìyàn mo sọ ọ́. Ibi tí mo wà ni mi ò mọ̀.

Ó ní kò burú, kí n fara balẹ̀ rò ó. Ó wà ní pálọ̀ báyìí, ó ti pa rédíò. Ó ń dúró dè mí.