Mi Ò Nawọ́ Sókè Lọ́jọ́ Tí Wọ́n Béèrè Ẹni Tó Lóyún

Ọkọ mi fẹ́ lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún kì í sì í ṣe tirẹ̀, èmi ni mo dá a... Ẹ má bi mí lórúkọ o. Ẹ ṣáà kà á tán kí ẹ tó bú mi, mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Inú ń bí mi sí ìyá ọkọ mi, inú ń bí mi sí ara mi, inú tiẹ̀ ń bí mi sí ọkọ mi tí kò ṣẹ̀ mí, nítorí pé ìwà dáadáa rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí mo bá ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n là á mọ́lẹ̀.

Sabon Gari ní Kano níbí là ń gbé. Reluwé ni ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́, tíṣà prámárì lèmi. Nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́, tí ọmọ kún kíláàsì mi débi pé ilẹ̀ làwọn kan ń jókòó sí, ìgbà yẹn ni mo lóyún àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta la ti ń wá a. Ọkọ mi kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ní Ọ̀fà, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá ti wọ ọkọ̀ ojú irin dé. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní oyún tí kò tíì yọ, ẹnu kò gbọdọ̀ kàn án, a ò mọ ẹni tó fẹ́ràn ẹni. Mi ò gbọdọ̀ sọ fún ará ilé, mi ò gbọdọ̀ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò gbọdọ̀ sọ níbi iṣẹ́, títí ikùn á fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ lé Bíbélì, mo gbé e. Ẹ̀yin náà mọ àṣà yìí, àbí ilé ta ni wọn ò ti sọ ọ́?

Oyún náà ń lọ sí oṣù méjì nígbà tí ara àwọn ọmọ kíláàsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í sú. Wẹ́wẹ́ báyìí, láti ojú dé àyà, ara wọn á gbóná díẹ̀, tó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti lọ. Kyanda làwọn ìyá wọn ń pè é, bí àwọn Hausa ṣe ń pe èéyi. Headmistress wa, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí kó tó di tíṣà, yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kì í ṣe kyanda, German measles ni, kò le lára ọmọdé, ọmọ inú oyún ló máa ń bà jẹ́. Ó kó gbogbo àwa obìnrin jọ sí staff room. Ó ní ẹni tó bá lóyún láàárín wa, ì báà jẹ́ ti àná, kó nawọ́ sókè, kó máa lọ sílé títí àìsàn náà á fi kúrò nílẹ̀. Ó ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún un béèrè lẹ́ẹ̀kejì o! Ọwọ́ mi wà lórí itan mi... mo ní tí mo bá nawọ́ yìí, kó tó dìrọ̀lẹ́ gbogbo Ibo Road, àdúgbò wa, á ti gbọ́, Màmá á sì ní mo ti fi ẹnu mi pa ọmọ àwọn. Mi ò nawọ́. Mo padà sí kíláàsì lọ nu imú àwọn ọmọ tí ara wọn sú. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ara tèmi náà sú. Màmá ní ẹ̀gbẹ́si ni, ooru Kano ni, wọ́n fi páúdà pa mí lára, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó lọ. Èmi náà sì gbà pé ẹ̀gbẹ́si ni, nítorí pé mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́si.

Nígbà tí oyún pé oṣù márùn-ún, ọkọ mi fi alùpùpù gbé mi lọ sí Gwagwarwa, a já sí gọ́tà, orúnkún mi bó díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé oṣù márùn-ún ni mo sọ.

Mo bí Bùkọ́lá. Tó bá ń mu ọmú, á máa mí gúlegúle bí ẹni tó sáré. A pè é, kò yíjú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló tó rìn. Nígbà tá a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ńlá, wọ́n ní ihò wà lára ọkàn rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ kan kéré, ọpọlọ rẹ̀ ò dàgbà bó ṣe yẹ, etí rẹ̀ méjèèjì ò gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ mi lọ ra oògùn, ó wá ku èmi pẹ̀lú dókítà. Ó bi mí bóyá ara mi sú nígbà tí oyún ṣì kéré. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọkàn ọmọ ń di ọkàn, kíndìnrín ń di kíndìnrín, ọpọlọ àti etí náà ń fìdí múlẹ̀, ohun tó bá wọlé nígbà yẹn, ìpìlẹ̀ ló ń bà jẹ́. Mo béèrè ọ̀rọ̀ alùpùpù. Ó ní ṣíṣubú kì í dá ihò lu ọkàn tó ti di ọkàn tán. Ẹ gbọ́ o! Ìgbà tí wọ́n ní ká máa fi oyún pa mọ́ fún ayé gan-an ni wọ́n ń mọ ọkàn ọmọ lọ́wọ́! Ta ló dá irú àṣà yẹn sílẹ̀? Ta ni?

Ọkọ mi padà dé, ó ní kí ni dókítà wí. Mo ní wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ó bú sẹ́kún, ó ní alùpùpù òun ni, òun lòun ba ọmọ òun jẹ́. Mi ò sọ pé òun ni, mi ò sì sọ pé òun kọ́. Ó ta alùpùpù náà lọ́sẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń gbé e pọ̀n, àwọn èèyàn ń kí mi pé mo rí ọkọ fẹ́. Màmá alára ń sọ ọ́ káàkiri pé alùpùpù ni, wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Lọ́jọ́ kan tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo sọ òótọ́ fún wọn ní ìdí iná. Wọ́n ro ọbẹ̀, wọ́n tún un rò, wọ́n ní ṣé àwọn làwọn di ọwọ́ mi mú ní staff room? Wọ́n ní tí mo bá sọ fún ọmọ àwọn, kí n di ẹrù mi. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọn ò di ọwọ́ mi mú.

Ní báyìí, mo tún ti lóyún, oṣù méjì. Lẹ́tà Màmá, tí wọ́n ti padà sílé, ti dé láti Ọ̀fà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́. Mo fà á ya, mo lọ bá headmistress lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún un. Ìyẹn ni mo lè ṣe. Ti ọkọ mi ni mi ò lè ṣe... Ẹ̀rù ti bà á débi pé kò sùn dáadáa, ó ní bí òun ò bá jẹ́wọ́ ohun tí òun fi alùpùpù ṣe fún Bùkọ́lá, á tún ran èyí tó ń bọ̀. Ọjọ́ ìkórè ló fẹ́ dìde sọ ọ́, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí mo bá sọ òótọ́, ṣé á dárí jì mí? Ṣé á lé èmi àti oyún yìí jáde? Ṣé á tún fi ojú ìyá wo ìyá rẹ̀ mọ́? Tí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́, kí n jókòó sí bẹ́ǹṣì kí n máa wò ó?

Lánàá, ó gbé ìwé wá bá mi, ojú ewé mẹ́ta, gbogbo ohun tó fẹ́ sọ ló kọ síbẹ̀. Ó ní èmi ni tíṣà, kí n bá òun wo ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Mo mú bírò pupa, mo tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe, mo fi àmì sí i, níbi tó ti kọ ọ́ pé ọwọ́ òun lòun fi ba ọmọ òun jẹ́, mo fa gbólóhùn náà gún kó lè dùn ún kà. Ó gbà á, ó kà á sókè, ó ní mo ṣeun.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi sọ ọ́, kí ni kí n ṣe?