Fúláàṣì Inú Dúrọ́ọ̀ Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Orúnkún màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́. Kápẹ́ńtà náà ti dí ibi tó ń jò lókè fèrèsé.

Ẹ má bínú pé mo ń fi orúnkún àti òrùlé fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ẹ rántí ẹ̀rọ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gba eré sílẹ̀ fún màmá. Ó kún, kò gba eré tuntun mọ́. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ní kí n ki fúláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Mo mú èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ bàbá, mo rò pé òfìfo ni. Ẹ̀rọ bi mí bóyá kó kọ́kọ́ pa ohun inú ẹ̀ rẹ́. Ọwọ́ mi yá ju ojú lọ, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo tó rántí pé inú ẹ̀ ni fídíò ọjọ́ ìbí tí bàbá ṣe kẹ́yìn wà, níbi tó ti ń fi màmá ṣe yẹ̀yẹ́, tí ẹ̀rín ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ibòmíì ò sí nílé yìí tí a ti lè gbọ́ ohùn ẹ̀.

Mo ti yọ fúláàṣì náà pamọ́, kí nǹkan míì má bàa gorí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú kọ̀ǹpútà yín bóyá ẹ ṣe ẹ̀dà fídíò náà kí ẹ tó kúrò nílé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká sunkún bàbá lẹ́ẹ̀méjì.

Màmá ò tíì mọ̀. Lánàá ló pè mí jókòó, ó ní, "Bí àyè ò bá tó, pa gbogbo eré tèmi rẹ́. Ṣáà má fọwọ́ kan ti bàbá yín."

Mo ní mo ti gbọ́.

Èmi ni,
Àbúrò yín.