Agogo Tí Wọn Kò Lù fún Bọ́sẹ̀dé

Ọjọ́ Àìkú, 5 Máàṣì 1961
Wọ́n ṣe ìsàmì fún ọmọ mẹ́ta ní kàtídírà lónìí. Bọ́sẹ̀dé tèmi kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé — ọkọ mi yìí — ní ká ṣì dúró de ìyá òun, torí Màmá ló ń rán aṣọ funfun tí ọmọ máa wọ̀, òun ni yóò sì gbé e wá láti Ìjẹ̀bú. Oṣù márùn-ún rèé tí mo ti bí i.
Ara ọmọ gbóná díẹ̀. Bóyá eyín ni.

Ọjọ́rú, 8 Máàṣì
Kì í ṣe eyín.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Máàṣì
Bọ́sẹ̀dé kú láàárọ̀ àná.

Ọjọ́ Ajé, 13 Máàṣì
Tí ọmọ ìjọ bá kú ní ìlú àjèjì etí omi yìí, wọ́n á lu agogo orí ilé ìṣọ́ kàtídírà, iye ọdún tó lò láyé ni iye ìgbà tí wọ́n á lù ú. Nígbà tí bàbá Hannah aládùúgbò wa kú, gbogbo wa ló ń kà á lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n lù ú fún ọmọ mi. Àlùfáà ní kò tíì ṣe ìsàmì. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Dagogo tó ń lu agogo tẹ̀ lé mi jáde: “Madam, no vex. No be me make the law.”
Mi ò bínú sí i. Akọ̀wé ni mo ń bínú sí — àti ara mi, tí mo gbọ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Máàṣì
Màmá dé. Lẹ́tà wa kò bá a nílé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì tẹ̀rín-tẹ̀rín, aṣọ náà lábẹ́ apá. “Ìyá Bọ́sẹ̀dé, gbé e wá. Ṣé ó ti ń jókòó?”
Mo sá wọ kíṣìnnì. Akọ̀wé ló sọ fún un.
Aṣọ náà kéré. Kì bá tí wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọjọ́ Ajé, 20 Máàṣì
Màmá kò sùn. Ó ní, “Èmi ni mo pẹ́. Léèsì ni mo ń wá fi sí ọrùn aṣọ rẹ̀.” Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ agogo fún un, ó ní ká lọ bá Dagogo.
Dagogo wò wá, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìṣọ́. “I wan go chop. I no go lock am.” Ó bá tirẹ̀ lọ.
Orúnkún ń dun Màmá, ó jókòó sísàlẹ̀, aṣọ náà lórí itan rẹ̀. Èmi gun òkè lọ. Àtẹ̀gùn òkúta, ó há, ó ń lọ́ yípo, ìgbẹ́ àdán káàkiri. Fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́, orí wọn ṣe ṣóńṣó bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tó ń gbàdúrà. Látòkè mo rí ọkọ̀ ojú omi ní wáàfù. Mo rí páànù ilé wa. Nápíìnì Bọ́sẹ̀dé ṣì wà lórí okùn — ta ló fẹ́ ká a?
Mo di okùn agogo mú. Oṣù márùn-ún, ìgbà mélòó nìyẹn? Bí mo bá fà á, gbogbo ìlú á gbọ́, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ Dagogo. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo bọ́ òrùka mi, mo fi kan ara agogo lẹ́ẹ̀kan.
Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo bi Màmá bóyá ó gbọ́.
“Mo gbọ́ ọ dáadáa, Ìyá Bọ́sẹ̀dé.”
Kò lè gbọ́ ọ. Èmi tí mo kàn án, díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́.