Dráyà Tó Tutù

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Onídìrí ni mí. Ìyá kan fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù ìdìrí rẹ̀ fún mi, tòun toníbàárà. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ wò ó, èrò á kún bámú. Àmọ́ obìnrin tí wọ́n dirun fún lọ́jọ́ Ajé ni mo tún bá lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ń tú u! Mo fọwọ́ kan dráyà tí ẹnì kejì jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó tutù bí omi àmù. Bí mo ṣe jáde báyìí, mo gbọ́ ohùn ẹni abẹ́ dráyà yẹn: "Màámi, ṣé ó ti lọ? Ọrùn ń ro mí."

Ọkọ mi ní oníbàárà wo ni kì í pe onídìrí ní màámi. Ẹ̀yin olùgbọ́, bí ìyá yìí bá kó ẹrù rẹ̀ lọ, ṣé àwọn orí yẹn ò ní tẹ̀ lé e?